Ìyá Alásè àti Ọmọ Mẹ́rìndínlógún Tí Kì í Jẹun

Ní erékùṣù Sirowo, bí o bá fún Dorsila Apondi ní ṣéńjì, yóò kà á lójú rẹ, yóò sì tún yíjú padà kà á nígbà tó bá rò pé o kò wo òun mọ́. Kì í ṣe pé ó kà ọ́ sí olè. Kò kàn tíì rí ìdí tí kò fi yẹ kó kà ọ́ sí olè ni.

Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ yẹn láìmọ̀. Ọdún mọ́kànlá ni ọkùnrin náà fi pẹja nínú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Etí omi ni wọ́n ti máa ń pín owó ẹja sí mẹ́ta: ìdá kan fún ọkọ̀, ìdá kan fún àwọ̀n àti fìtílà, ìdá kan fún àwọn mẹ́rin tó fi ara wọn ṣiṣẹ́. Ìgbà tó kú tán ni Dorsila tó gbọ́ pé ọlọ́kọ̀ ti máa ń yọ tirẹ̀ sápò kó tó gbé ìyókù dé iwájú wọn, tí yóò wá máa fi ìbúra pín in sí mẹ́ta.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Okeyo, ló parí ẹ̀kọ́ náà. Ó ń sọdá bọ̀ láti òdìkejì omi pẹ̀lú àpò sìmẹ́ńtì méjì. Ọkọ̀ tí kò yẹ kó gbà ju èèyàn mẹ́wàá lọ, èèyàn mọ́kàndínlógún ló wà nínú rẹ̀, nítorí ẹni tó ń gba owó ọkọ̀ kò ka èèyàn, owó ló ń kà. Ọjọ́ kẹta ni omi gbé òkú Okeyo jáde. Ó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀, Adoyo, tí kò tíì já lẹ́nu ọmú. Ìyá ọmọ náà lọ fẹ́ ọkọ mìíràn nígbà tó yá, ọmọ sì kù sọ́wọ́ ìyá àgbà. Adoyo ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án báyìí, ó wà ní kíláàsì kẹta ní ilé-ìwé ìjọba kan ṣoṣo tó wà ní Sirowo. Láti ẹnu ọ̀nà ilé wọn dé ilé-ìwé, bí ó bá rọra rìn, kó tó jẹ ìrèké kan tán ó ti débẹ̀.

Ilé-ìwé yìí náà ni Dorsila ti ń ṣe ìyá alásè. Ó ti ń lọ sí ọdún kẹfà. Àwọn òbí ló ń dá àgbàdo àti ẹ̀wà, òun ló ń sè é pọ̀ di ohun tí wọ́n ń pè ní nyoyo, tí yóò bù ú fún àwọn ọmọ ní ọ̀sán. Ọ̀gá Zablon, ọ̀gá ilé-ìwé, ló ń fún un ní ẹgbàá ṣílè lóṣù, oṣù mẹ́sàn-án tí ilé-ìwé fi ń wọlé lọ́dún. Ó ní ìjọba ló ń san án. Dorsila gbà á, ó kà á, ó yíjú padà, ó tún un kà.

Ìgbakọ kan ni ọmọ kan. Bó ṣe ń bu oúnjẹ ló ń kà. Bó bá ti di ogún, yóò ju hóró ẹ̀wà kan sínú ife. Tí gbogbo wọn bá jẹun tán, yóò ka hóró ẹ̀wà, yóò sì mú ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ògiri ilé ìdáná tí èéfín ti sọ di dúdú: ìlà gígùn kan fún ogún ọmọ, ìlà kúkúrú fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tó lé. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́ yìí. Ohun tó fà á ni pé ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, ó gbé tíì lọ fún Ọ̀gá Zablon ní ọ́fíìsì, ó rí i tí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó: GBOGBO AKẸ́KỌ̀Ọ́, 246. Dorsila dúró wò ó. Òjìlérúgba ó lé mẹ́fà. Òun tó ń bu oúnjẹ, kò tíì bù ju ọgbọ̀nlérúgba lọ rí láti ọjọ́ tó ti gbé ìgbakọ. Ọmọ mẹ́rìndínlógún wo ló wà nílé-ìwé tí ebi kì í pa?

Ó mọ̀ pé iye orí ọmọ ni ìjọba fi ń san owó fún ilé-ìwé. Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n. Egbèje ṣílè lórí ọmọ kan lọ́dún. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kọ ògiri, pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun yóò mú ọ̀gá náà.

Ó tún máa ń fi ṣọ́ọ̀kì ya àmì rìbìtì sábẹ́ àwọn ọjọ́ kan. Àwọn ọjọ́ yẹn ni ọjọ́ tí òṣùpá ò sí. Nígbà tí òkùnkùn bá ṣú biribiri, fìtílà a máa fa ẹja omena, gbogbo ọkọ̀ Sirowo a sì bọ́ sómi. Tí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á da ẹja wẹ́wẹ́ náà sórí àwọ̀n láti sá a, ó sì di dandan kí ọwọ́ tó pọ̀ máa yí i, kí ẹyẹ má ṣà á jẹ, kí òjò má bà á jẹ́. Ọmọ tó bá ti lè gbé igbá lè yí ẹja. Àwọn mìíràn a tẹ̀lé bàbá wọn lọ sí erékùṣù tí ẹja bá gbà. Bí òṣùpá bá wá dé, fìtílà kò wúlò mọ́, ọkọ̀ a gorí yanrìn, ilé-ìwé a sì kún padà. Dorsila ń ya àmì náà nítorí ara rẹ̀: bí oúnjẹ tó sè bá dín lọ́jọ́ àìlóṣùpá, kí ẹnì kan má baà dìde lọ́la pé ìyá alásè ń gbé àgbàdo lọ sílé.

Ọjọ́ kan ni Syprose, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ra ẹja létí omi, yà wá sí ilé ìdáná.

“Ìyá Okeyo, o ti gbọ́?”

“Èmi kì í gbọ́. Mo máa ń rí ni.”

“Ó dáa, wá rí i. Alága etí omi, Oguta, ka lẹ́tà kan sí wa létí. Ìjọba ní ilé-ìwé tí ọmọ rẹ̀ kò bá pé ọgọ́sàn-án, àwọn á tì í pa. Wọ́n á kó àwọn ọmọ ibẹ̀ mọ́ ti òdìkejì.”

“Wọ́n á kó wọn báwo? Wọ́n á fò ni?”

“Ọkọ̀ ni o. Àárọ̀ lọ, ìrọ̀lẹ́ bọ̀.”

Dorsila gbé omorogùn sílẹ̀. “Ta ni yóò máa wa ọkọ̀ náà?”

“Ẹni tí wọ́n bá gbéṣẹ́ fún.”

“Ẹni tó bá ní òun máa gbà á ní pọ́ọ́kú ni wọ́n máa gbé e fún. Ẹni tó bá sì gbà á ní pọ́ọ́kú, ogójì ọmọ ni yóò kó sínú ọkọ̀ ogún, kó lè rí èrè.” Ó tún mú omorogùn. “Adoyo ò ní wọ̀ ọ́.”

“Kò ní lọ ilé-ìwé mọ́ nìyẹn.”

“Mo ní kò ní wọ̀ ọ́, Syprose. N ò ní kò ní lọ ilé-ìwé.”

Syprose mí kanlẹ̀. “Tiwa pé kẹ̀. A ju ọgọ́sàn-án lọ dáadáa. Kí ló ń já ọ láyà?”

“Ọjọ́ tí wọ́n máa wá kà wá ni. Ṣé wọ́n sọ ọjọ́?”

“Wọn ò sọ ọ́. Wọ́n ní bí àwọn bá sọ ọ́, a máa yá ọmọ.”

Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Erékùṣù kan wà nítòsí tó yá ọmọ márùnlélọ́gbọ̀n lọ́wọ́ èkejì ní ọdún tó kọjá. Bí wọ́n ti kà wọ́n tán níhìn-ín ni wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀, wọ́n sáré lọ kà wọ́n lọ́hùn-ún. Ọmọ kan tó ní àpá níwájú orí ló tú wọn fó.

Ọjọ́rú kan ni wọ́n wá. Ọjọ́ kẹta tí òṣùpá ti lọ. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló sọ̀kalẹ̀ látinú ọkọ̀, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó gbé bàtà lọ́wọ́, ó fi àpò kọ́rùn. Musembi ni wọ́n ń pè é, ará ilẹ̀ gbígbẹ lọ́hùn-ún, níbi tí odò ti máa ń gbẹ kí ọdún tó dé àárín. Ó gba iwájú àwọn ẹja tí wọ́n ń sá kọjá, ó gba iwájú àwọn ọmọ tó ń yí i kọjá. Ó rò pé ọmọ tí kò lọ ilé-ìwé rí ni wọ́n.

Kíláàsì kan sí èkejì, ó ń ka orí. Nígbà tó dé èyí tó kẹ́yìn, ó jẹ́ ogóje ó lé mẹ́ta. Ọ̀gá Zablon ti ń làágùn.

“Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n ránṣẹ́ sí etí omi,” ni ó wí. “Àwọn ọmọ wà níbẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré.”

“Ọmọ tí wọ́n bá lọ kó wá lójú mi, n kò ní kà á.”

“Ọmọ wa ni wọ́n. Òṣùpá ni kò sí.”

“Òṣùpá?” Musembi gbé ojú sókè wo oòrùn ọ̀sán. “Mo ti gbọ́ ìgbónára. Mo ti gbọ́ ìsìnkú. Ibì kan wà tí wọ́n sọ fún mi pé erinmi ló dí ọ̀nà. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ di ẹjọ́ ru òṣùpá.” Ó ṣí ìwé orúkọ. “Ìwé yín ní gbogbo wọn ló wá lánàá. Gbogbo wọn ló wá níjẹta. Òjìlérúgba ó lé mẹ́fà, kò sí ẹni tó ṣàìsàn láti ọjọ́ tí ilé-ìwé ti wọlé. Àwọn ọmọ yín mà lágbára o.”

Ibi tí àṣìṣe Sirowo wà gan-an nìyí, ó sì ti pẹ́. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ́fíìsì òdìkejì kọ lẹ́tà ìbínú nítorí ọmọ tí kò wá. Láti ìgbà náà, àwọn tíṣà kàn ń fa àmì “ó wá” sí iwájú orúkọ gbogbo ọmọ lójoojúmọ́, òṣùpá wà ni o, kò sí ni o. Wọ́n rò pé àwọn ń dáàbò bo ilé-ìwé. Ọjọ́ wá dé tí òtítọ́ fẹ́ gbà wọ́n, kò sì sí ìwé kan tí wọ́n lè fi tì í lẹ́yìn.

Nígbà tí àwọn ọmọ jẹun ọ̀sán tán, bí Musembi ti jókòó ti àwọn ìwé náà ní ọ́fíìsì, Ọ̀gá Zablon gba ẹ̀yìn wọ ilé ìdáná. Ó pa ilẹ̀kùn dé.

“Ìyá Okeyo, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi omi fọ ògiri yìí.”

“Ògiri wo?”

“Ẹ má dá mi lágara. Èyí tí ẹ ti ń kọ láti ọdún méjì.”

“Ẹ ti mọ̀?”

“Ẹ rò pé èmi kì í wá bu iyọ̀ níbí? Ọkùnrin yẹn ń bọ̀ wá wo ilé ìdáná. Bó bá rí i, gbogbo wa ti gbé.”

Dorsila kò dìde. “Àwọn mẹ́rìndínlógún yẹn dà?”

“Ìyá Okeyo...”

“Ọdún méjì ni mo ti ń bu oúnjẹ, n kò rí abọ́ wọn rí.”

Ọ̀gá Zablon jókòó sórí àpò àgbàdo. “Ta ni ẹ rò pé ó ń san owó yín?”

“Ìjọba. Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ìjọba kò mọ̀ yín rí. Kò sí ìyá alásè nínú ìwé ìjọba. Owó tíṣà ni wọ́n ń san, owó ìwé, owó ṣọ́ọ̀kì. Mo bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ní kí àwọn òbí san án. Mo bẹ àwọn òbí, wọ́n ní ìjọba ni. Ọmọ ò sì lè fi ebi kàwé. Mo wá fi àwọn tó ti ṣí lọ sílẹ̀ nínú ìwé, n kò yọ orúkọ wọn. Àwọn ni ẹ ń gbà lóṣooṣù.”

Ooru iná ń fẹ́ sí Dorsila lójú, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ti ń ṣe ìṣirò. Ọmọ mẹ́rìndínlógún, egbèje ṣílè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: ẹgbàá mọ́kànlá ó lé irinwó. Ti òun, ẹgbàá mẹ́sàn-án.

“Ẹgbàajì ó lé irinwó tó kù ńkọ́?”

“Kí ni?”

“Ẹgbàajì ó lé irinwó ló ṣẹ́kù lọ́dún. Ọ̀dọ̀ ta ló ń lọ?”

“Ṣọ́ọ̀kì! Owó ọkọ̀! Àgádágodo tí wọ́n já! Ẹ̀yin obìnrin yìí, ilé ń jó, ẹ ń bèèrè iye tí a ra ìṣáná!” Ó dìde. “Ẹ fọ̀ ọ́ o. Mo bẹ̀ yín.” Ó jáde.

Dorsila wo ògiri. Ó wo korobá omi. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá náà lè jẹ́ òótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ó kàn fẹ́ fi owó rẹ̀ di òun lẹ́nu ni. Ọmọ òdìkejì ni Ọ̀gá Zablon, aya rẹ̀ wà lọ́hùn-ún, ilé tó ń kọ́ wà lọ́hùn-ún. Bí wọ́n bá ti Sirowo pa, kí ló pàdánù? Ilé ló ń lọ. Àwọn ọmọ Sirowo ni yóò máa wọ ọkọ̀. Bí òun bá fọ ògiri, ogóje ó lé mẹ́ta ni yóò dúró, kò sì pé ọgọ́sàn-án. Bí òun kò bá fọ̀ ọ́, àwọn mẹ́rìndínlógún yóò jáde síta, owó òun á bá wọn lọ, wọ́n sì lè sọ pé òun náà mọ̀ sí i. Ó fi ẹgbàá ṣílè sí apá kan, ó fi Adoyo sí apá kejì. Ìṣirò tó rọrùn jù tó ṣe láyé rẹ̀ nìyẹn. Ó mú korobá náà, ó da omi rẹ̀ sínú ìkòkò ẹ̀wà tó ti bù tán.

Musembi wọlé, ó ń sín nítorí èéfín.

“Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ọmọ mélòó lẹ sè fún lónìí?”

“Ogóje ó lé mẹ́ta.”

Ọkùnrin náà dá ọwọ́ dúró. “Ta ló sọ iye tí mo kà fún yín?”

“Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ìgbakọ mi ló sọ ọ́.” Ó na ọwọ́ sí ògiri. “Lánàá, ogóje ó lé méje. Níjẹta, ọgọ́jọ. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọgbọ̀nlérúgba ó dín kan. Ìlà gígùn, ogún ọmọ. Ìlà kúkúrú, ọmọ kan.”

Musembi súnmọ́ ọn, ó wò ó títí. Ó wá rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín rere. “Ó dára o. Ìgbà wo lẹ kọ ọ́? Nígbà tí mo wà ní ọ́fíìsì ni àbí lálẹ́ àná?”

“Ẹ fi ìka pa á.”

“Kí ni?”

“Mo ní ẹ fi ìka pa á. Tòní, kí ẹ tó wá pa ti ọdún tó kọjá.”

Ó fi ìka pa ìlà tòní, ìka rẹ̀ funfun. Ó lọ sí apá òkè, níbi tí ìlà ti rí bàìbàì, ó pa ibẹ̀, ìka rẹ̀ dúdú. Ó ní láti ha èéfín kúrò kí funfun abẹ́ rẹ̀ tó yọjú. Láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, èéfín ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí ọjọ́ ṣe ń tẹ̀lé ọjọ́.

“Èèyàn lè purọ́ fún yín,” ni Dorsila wí. “Èmi náà lè purọ́ fún yín, ẹ kò mọ̀ mí. Èéfín kò mọ bí wọ́n ṣe ń gba rìbá.”

“Àwọn àmì rìbìtì ńkọ́?”

“Ọjọ́ àìlóṣùpá.”

Ọkùnrin náà yọ fóònù, ó wá kàlẹ́ńdà òṣùpá. Oṣù kan, oṣù kejì, títí dé oṣù kẹjọ, ó ń wo fóònù, ó ń wo ògiri. Níbi tí àmì rìbìtì bá wà, iye a lọ sílẹ̀. Bí òṣùpá bá dé, a gòkè. Kò sí oṣù kan tó yẹ̀. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti yàtọ̀, bí ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ di ẹ̀ṣẹ́ tí kò rí ẹni tí yóò gbá.

“A jẹ́ pé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ òṣùpá.” Ó tún fi ìka tọ ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀. “Ṣùgbọ́n n kò rí òjìlérúgba ó lé mẹ́fà níbì kankan. Ọgbọ̀nlérúgba ló ga jù.”

Ọ̀gá Zablon ti dé ẹnu ọ̀nà. Kò wọlé, kò sì padà.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni Dorsila dáhùn. “Mẹ́rìndínlógún kì í jẹun.”

“Ta ni wọ́n?”

“Ẹ bi ẹni tó kọ orúkọ wọn. Ó sọ fún mi lónìí pé àwọn ni owó iṣẹ́ mi. Ó lè jẹ́ òótọ́. Mò ń gba ẹgbàá lóṣù, mo sì ń jẹ ẹ́, n kò lè pọ̀ ọ́ jáde. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa. Ẹgbàajì ó lé irinwó kò tíì rí bàbá.”

“Ìyá Okeyo!” Ohùn Ọ̀gá Zablon já. “Èmi tí mo fún yín níṣẹ́!”

“Ẹ ṣeun, Ọ̀gá Tíṣà. Ọmọ-ọmọ mi ò ní wọ ọkọ̀.”

Musembi kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kò ṣèlérí kankan. Ó ní òun kò lè fi ògiri jíṣẹ́ fún ọ̀gá òun, àfi kí òun fi ojú òun ka orí. Òun á padà wá, òun kò sì ní sọ ọjọ́.

Kò sẹ́ni tó sùn dáadáa ní Sirowo láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí òṣùpá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí rìbìtì, ilẹ̀ mọ́, wọ́n sì bá Musembi tó ti jókòó sábẹ́ igi létí omi. Ó ti sùn ní erékùṣù kejì mọ́jú, ó sì fi ìdájí sọdá, kó lè rí ọkọ̀ tó bá kó ọmọ wá.

“Ọ̀gá, ṣé ẹja lẹ fẹ́ rà àbí ọmọ?” Oguta kígbe láti inú ọkọ̀ rẹ̀.

“Mo fẹ́ rí ohun tó ń sọ̀kalẹ̀ níbí ni.”

“Ewúrẹ́ mẹ́ta ló sọ̀kalẹ̀ lánàá. Ẹ lè kọ wọ́n sí kíláàsì kìíní, wọ́n gbọ́n ju ọmọ mi lọ.”

Musembi kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó títí aago ilé-ìwé fi lù, ó dìde, ó lọ kà wọ́n. Ọgbọ̀nlérúgba ó dín méjì. Ó wọ ilé ìdáná.

“Méjì dín, Màmá.”

“Àwọn ọmọ Syprose ni. Ibà dá wọn dùbúlẹ̀.”

Ó ní kí wọ́n mú òun lọ síbẹ̀. Ó rí wọn lórí ẹní, ó fi ọwọ́ kan ọrùn wọn bóyá ó gbóná lóòótọ́. Syprose ní àwọn dókítà gan-an kò fẹ́ràn ọmọ òun tó báyẹn.

Ilé-ìwé kò tì. Lẹ́tà dé ní oṣù tó tẹ̀lé e: wọ́n yọ àwọn mẹ́rìndínlógún kúrò nínú ìwé, wọ́n sì gé owó wọn. Wọ́n pe Ọ̀gá Zablon lọ sí òdìkejì láti wá wí tẹnu rẹ̀, kò sì padà. A gbọ́ pé ilé-ìwé kan tí kò jìnnà sí ilé tó ń kọ́ ni wọ́n gbé e lọ. Nígbà tí Dorsila gbọ́, ó ní ìyà yẹn mà dùn o.

Kò sí ẹgbàá ṣílè mọ́. Dorsila pa iná, ó jókòó sílé. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá tí kò sí oúnjẹ, àwọn ọmọ tó wá sí ilé-ìwé ti já sí igba ó dín mẹ́wàá, òṣùpá sì wà lókè kedere. Ìgbà náà ni àwọn òbí rí i pé ọgọ́sàn-án kò jìnnà. Wọ́n pe ìpàdé sábẹ́ igi etí omi.

“Ẹnu ẹ ló kó bá ọ,” apẹja kan sọ fún un lójú gbogbo èèyàn. “Ká ní o fọ ògiri ni, o ṣì ń gba owó.”

“Ká ní mo fọ ògiri ni, ọmọ ẹ ni à bá máa gbàdúrà fún lórí omi báyìí. Mélòó lo ní níbẹ̀? Mẹ́rin? Ọmọ mẹ́rin nínú ọkọ̀ pọ́ọ́kú lójoojúmọ́, ṣé o ti ṣírò rẹ̀?”

Ó hàn lójú ọkùnrin náà pé kò ṣírò rẹ̀ rí. Ó jókòó.

Oguta ní kí ilé kọ̀ọ̀kan máa dá abọ́ omena gbígbẹ kan fún ìyá alásè bí òṣùpá kan bá ti parí, kí ó máa tà á fúnra rẹ̀. Ilé mọ́kànlélọ́gọ́rin ló wà. Wọ́n á máa kó o jọ sọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé tuntun, òun á sì kó o fún un.

“Rárá,” ni Dorsila wí. “Kò gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni kọjá. Ọwọ́ yín, ọwọ́ mi.”

“Ìyá Okeyo! Ọ̀gá tuntun ò tíì dé, ẹ ti sọ ọ́ di olè?”

“N kò sọ ọ́ di nǹkan kan. Ẹja mi ni n kò fẹ́ kó rìn jìnnà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbà. Nígbà tí òṣùpá àkọ́kọ́ parí, ilé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló mú tiwọn wá. Dorsila mọ àwọn mẹ́tàdínlógún tó kù, ilé dé ilé, orúkọ dé orúkọ. Ó ti dá iná padà, Syprose sì wá dúró tì í ní ọ̀sán, ó ń wo ìlà àwọn ọmọ.

“Ọmọ Ouko ni mo rí yẹn. Bàbá rẹ̀ ò mú nǹkan kan wá. O ṣì ń bu oúnjẹ fún un?”

“Ọmọ ò jẹ mí ní nǹkan. Mo mọ ilé bàbá rẹ̀.”

Adoyo dé iwájú, eruku ọ̀nà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún, ó na abọ́ rẹ̀. Dorsila bu ìgbakọ kan fún un, kò lé, kò dín, ó sì kà á mọ́ àwọn yòókù.